Yàrá Ìsàlẹ̀: Bí Àgbà Ìsàlẹ̀ Èkó Ṣe Ń Gbọ́ Bùkátà Ara Rẹ̀

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1935, ìjọba amúnisìn na wáyà wọ inú àwọn ilé kan ní Èkó, wọ́n sì gbé àpótí kékeré kan kọ́ sára ògiri. Ọ̀rọ̀, orin àti ìròyìn ń gba inú wáyà yẹn jáde láti ibùdó kan náà, ẹni tó ni ilé á sì máa san owó oṣù lé e. Kò sí ibùdó mìíràn tí ènìyàn lè yí i sí. Bọ́tìnì kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, òun náà kò sì ju ká fi gbé ohùn sókè tàbí ká fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lọ. Àwọn ará ìlú sọ ọ́ ní Asọ̀rọ̀mágbèsì. Ẹnikẹ́ni kò ro ti arúgbó nígbà tí wọ́n ń ṣe é o. Ìròyìn Lọ́ńdọ̀nù ni ìjọba fẹ́ kó máa dé etí àwọn tí wọ́n ń ṣàkóso. Síbẹ̀, ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì lè lò ó láìpe ọmọ ọmọ rẹ̀ kó wá bá òun tan án. Lónìí, àwọn tó ń ṣe fóònù àti ẹ̀rọ fún àwọn arúgbó ń náwó nára kí wọ́n tó lè dé ibi tí àpótí yẹn dé láìmọ̀ọ́mọ̀.

Àmọ́ ohun èlò tó gbé àgbà ró jù lọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó kò ní wáyà. Ilé ni.

Láti àyíká Ìga Ìdúngànràn dé Ìdúmọ̀tà, dé Òkè Pópó àti Ìta Fàájì, agbo ilé ló pọ̀ jù nínú ibùgbé àwọn ọmọ ìlú. Ilé ilẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Ènìyàn á wọlé láti ojú pópó, á bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, yàrá á wà lọ́tùn-ún, á wà lósì, àgbàlá á wà lẹ́yìn pẹ̀lú kànga, ibi ìdáná àti ibi ìwẹ̀. Pèpéle á wà níwájú ilé. Nígbà tí àwọn Àgùdà dé láti Brazil, wọ́n kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì sí Pópó Àgùdà. Lọ́dọ̀ tiwọn, olówó a máa gbé òkè, ọjà a sì wà nísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé, kò sí àtẹ̀gùn tí orúnkún arúgbó máa bá jà. Láti orí ibùsùn sí ẹnu ọ̀nà kò ju ìṣísẹ̀ mélòó kan lọ, ẹnu ọ̀nà náà ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹnu ọ̀nà ni ìyá àgbà ti ń jẹun. Obìnrin tó ti fi ogójì ọdún ru ẹrù lọ sí ọjà Ẹ̀bùtẹ́ Èrò tàbí ọjà Fàájì kò ní lè máa rù ú títí láé. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dín ọjà kù bí agbára ṣe ń dín kù. Ó kúrò nínú aṣọ ó bọ́ sínú ọṣẹ, ó kúrò nínú ọṣẹ ó bọ́ sínú obì, orógbó, ata gbígbẹ, ṣúgà àti epo fìtílà tí wọ́n ń wọ̀n sínú ìgò kékeré. Àtẹ kan, àpótí ìjókòó kan, ó parí. Ẹlòmíràn ló ń bá a ra ọjà wá. Òun kàn jókòó ni, àwọn oníbàárà ń kọjá lójú pópó tí kì í dá. Èrè rẹ̀ lè má tó ohun tí ènìyàn ń fẹnu sọ, ṣùgbọ́n òun ló fi ń ra ẹja tirẹ̀, òun ló fi ń san owó ẹgbẹ́, òun ló fi ń fún ọmọ ọmọ ní kọ́bọ̀ kó lè bá a pọnmi. Ẹni tó ń fúnni ní kọ́bọ̀ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń bọ́.

Bí ó bá sì ṣubú lóru? Ògiri tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn mìíràn kò nípọn tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀kùn kì í sì í tì pa. Ikọ́ tó bá yí padà láti bó ṣe máa ń rí, gbogbo ilé á mọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tí wọn kò rí i lórí pèpéle ní àkókò tó máa ń jáde, ẹnì kan á lọ kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kọ iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe to ilé náà ló ń ṣe é.

Òfin pàápàá ti ilé yìí lẹ́yìn. Mabinuori, ẹni ńlá kan ní Èkó, kú ní ọdún 1874, ó fi agbo ilé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí ìjà àwọn ọmọ àti ọmọ ọmọ tó dé kóòtù. Lewis àti Bankole ni àwọn agbẹjọ́rò ń pe ẹjọ́ náà títí dòní, ọdún 1908 ló sì wà nínú ìwé òfin. Kóòtù pe àwọn olóyè Èkó kí wọ́n wá sọ àṣà ìlú lórí ilé ẹbí. Ohun tó jáde ni pé Dáwódù, àgbà nínú àwọn ọmọkùnrin, ló ń rọ́pò bàbá. Ṣùgbọ́n bí òun náà bá kú, ẹni tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ tó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin, ìbáà ṣe obìnrin, ló máa jẹ́ olórí ẹbí. Olórí ẹbí kò lè dá ilé náà tà bí ẹni ta ewúrẹ́ rẹ̀, ọmọ ilé sì ní ẹ̀tọ́ láti máa gbé inú rẹ̀.

Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún obìnrin tó ti darúgbó. Ọ̀pọ̀ ìyá ní Èkó ló máa ń padà sí ilé bàbá wọn nígbà tí ọmọ bíbí bá ti parí tàbí tí ọkọ bá ti kú. Bí wọ́n bá dé, ọmọ osú ni wọ́n, onílé ni wọ́n. Wọn kì í san owó ilé, ìyàwó ilé kankan kò sì lè lé wọn. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí Ọ̀ṣọ́dì Tápà àti àwọn ènìyàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó tẹ́lẹ̀, tẹ̀dó sí agbo ilé mọ́kànlélógún lẹ́yìn tí wọ́n padà láti Ẹ̀pẹ́ ní 1862, ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ kan àwọn àrọ́tà, ìyẹn ìran àwọn tó ti jẹ́ ẹrú àti ọmọlẹ́yìn. Ẹjọ́ lórí ẹ̀tọ́ wọn nínú àwọn agbo ilé náà lọ títí dé iwájú àwọn adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n dá a ní 1930. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ mìíràn láyé ń jà fún yàrá, wọ́n sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń jà.

Omi ni ohun tó tún kàn. Kànga àgbàlá kì í fi gbogbo ìgbà dára ní erékùṣù tí omi iyọ̀ yí ká; láyé ìgbà kan, ẹni tó bá lówó lè ra omi mímọ́ ní òpópónà Kákáwá, níbi tí ìdílé da Rocha, Àgùdà ni wọ́n, ti ń ta omi ilé wọn, tí gbogbo ìlú fi ń pe ibẹ̀ ní Water House. Nígbà tí ìjọba fẹ́ fa omi láti Ìjù wá sí erékùṣù, tí wọ́n sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú san owó orí omi, ìlú dàrú. Dókítà John Randle àti Dókítà Ọrìsàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ ní 1908 láti tako owó náà. Herbert Macaulay náà kò dákẹ́. Àwọn obìnrin ọjà ti ìsọ̀ wọn pa. Rògbòdìyàn tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1916. Wọ́n ní kànga tó wà nílé ti tó àwọn, pé àwọn òyìnbó ni wọ́n ń fa omi fún. Wọn kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ omi wá dúró sí ìkòríta, tí ènìyàn ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́, arúgbó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jèrè rẹ̀. Fífa garawa láti inú kànga gba ọwọ́ àti ẹ̀yìn, ẹ̀rọ omi kò gbà ju kí ọmọdé kan gbé korobá lọ.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò ṣeé fojú fò, bí kò tilẹ̀ dùn ún sọ. Arúgbó ní póò lábẹ́ ibùsùn, nítorí ilé ìyàgbẹ́ jìnnà lóru. Láyé ìgbà náà, àwọn agbépóò ló ń wá gbé garawa ilé ìyàgbẹ́ kúrò, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí ìjọba là sí erékùṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún sì ń kó ìgbẹ́ náà lọ dà sí ọ̀sà. Iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, tí ọmọdé ń fi kọrin. Bí wọn kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sí àgbà tó lè dá gbé yàrá rẹ̀.

Alájọ náà ń kọjá lójoojúmọ́ pẹ̀lú káàdì rẹ̀. Kò sí ìdí fún ìyá àgbà láti dìde lọ sí báńkì. Owó tó bá rí lórí àtẹ, á fún un, alájọ á sàmì sí i, ní ìparí oṣù á kó gbogbo rẹ̀ wá, á sì yọ ti ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Ó tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tí wọn kò sanwó rẹ̀ fún un: ó ń rí ìyá náà lójoojúmọ́. Àwọn ẹgbẹ́ àṣàlátù àti àwọn ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe bákan náà, ẹni tí kò bá wá, wọ́n á lọ wò ó.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé Párádísè ni. Yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ dáadáa, tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí, kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró arúgbó. Iná a máa jó. Ìjà ogún a máa sọ ilé di pápá ogun, àwọn tó bá sì ti darúgbó láìbímọ a máa rí ojú burúkú. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó, kò sì lọ bọ̀rọ̀; ó ń padà wá fún ọdún mélòó kan. Òun ló mú kí ìjọba dá Lagos Executive Development Board, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní LEDB, sílẹ̀ ní 1928, pé kó tún ìlú tò. Wọ́n wó apá kan àdúgbò Olúwọlé, wọ́n sì la ilẹ̀ sílẹ̀ ní Yábà fún àwọn tí wọ́n bá kó kúrò. Ẹni tó bá ti rí òkú àjàkálẹ̀ àrùn kò ní bá wọn jiyàn púpọ̀.

Èyí tó dé ní ọdún 1955 yàtọ̀. Òmìnira ti ń bọ̀, àwọn aláṣẹ sì fẹ́ kí olú ìlú rí bí olú ìlú. LEDB ti gbé ètò jáde ní 1951 láti wó àádọ́rin éékà láàrin gbùngbùn Erékùṣù Èkó kí wọ́n sì tún un kọ́. Wọ́n kọ́ ilé sí Sùúrùlérè, ó tó máìlì mélòó kan sí erékùṣù, wọ́n tò wọ́n ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ìdílé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ibi ìdáná tirẹ̀. Àwọn tó ni ilé fi ìwé ẹ̀bẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ṣe ìpàdé, wọ́n bínú. Katakata wó ilé wọn.

Bí a bá fi ojú oníṣirò wò ó, àwọn tí wọ́n kó lọ jèrè. Yàrá pọ̀ sí i, ilẹ̀ mọ́, afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Peter Marris, ọmọ Ìlú Ọba tó wá láti Institute of Community Studies ní Lọ́ńdọ̀nù, ló lọ jókòó ti àwọn ènìyàn náà láàrin 1958 sí 1959 láti béèrè bí nǹkan ṣe rí gan-an. Ó bá àwọn tó ṣì wà ní erékùṣù sọ̀rọ̀, ó sì bá àwọn tí wọ́n ti kó lọ sí Sùúrùlérè sọ̀rọ̀. Ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ṣe ohunkóhun fún arúgbó ní Èkó kà á kó tó gbé pẹ́ńsùlù.

Ohun tó rí ni pé ilé ẹbí tí wọn kì í san owó rẹ̀ ti di ilé ìjọba tí wọ́n ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù. Owó gbà-máà-bínú tí wọ́n san lórí agbo ilé, àwọn tó ni ín pọ̀, nítorí náà ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò tó kọ́ ahéré. Àwọn obìnrin tó ń ta ọjà ló jẹ ìyà jù. Níwájú ilé tuntun, pópó dákẹ́. Ta ni ó fẹ́ ra obì lọ́wọ́ ìyá àgbà níbi tí kò ti sí ẹni tó ń kọjá? Bí wọ́n bá fẹ́ padà sí ọjà erékùṣù, owó ọkọ̀ á jẹ èrè. Bọ́ọ̀sì Zarpas, tí ìgbìmọ̀ ìlú Èkó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín ní 1958, kì í gbé ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn ẹbí tú ká. Ṣáájú èyí, arúgbó kan lè ní ènìyàn púpọ̀ tó ń fún un ní díẹ̀díẹ̀: ọmọ ẹ̀gbọ́n á fi ìrẹsì dání, ọmọ àbúrò á fi ṣílè kan sí i lọ́wọ́ nígbà tó bá ń kọjá lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń gbé ẹrù náà nìkan. Nígbà tó di pé owó ọkọ̀ ni wọ́n á fi wá kí i, àwọn tó ń fi díẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́ di ẹni tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí tí kò wá mọ́. Ọmọ kan tó ń bá a gbé ló kù tí gbogbo ẹrù wá já lé lórí. Ojú arúgbó á sì wá máa wo ọwọ́ ọmọ yẹn, ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún un láti ogójì ọdún sẹ́yìn.

Àwọn ayàwòrán ilé LEDB kì í ṣe ènìyàn búburú. Wọ́n ka yàrá, wọ́n ka ilé ìyàgbẹ́, wọ́n ka ojú ọ̀nà omi. Kò sí ìlà nínú ìwé wọn fún pèpéle.

Ohun kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ Marris ti rí ní ìhà ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1957, Michael Young àti Peter Willmott gbé ìwé jáde nípa bí wọ́n ṣe ń kó àwọn ará Bethnal Green lọ sí àdúgbò tuntun lẹ́yìn ìlú, tí ìyá àti ọmọbìnrin tó ń rí ara wọn lójoojúmọ́ fi wá ń rí ara wọn bí ẹni rí oṣù. Ní ọdún kan náà, Peter Townsend kọ ìwé tirẹ̀ nípa àwọn arúgbó Bethnal Green, ó sì fi hàn pé ẹbí tó wà nítòsí ló ń mú kí ọ̀pọ̀ wọn lè wà nílé ara wọn tí wọn kò fi lọ sí ilé ìtọ́jú. Kò sí agbo ilé ní Bethnal Green, wọn kò sì ta orógbó. Òpópónà kan náà ló so wọ́n pọ̀, ìyẹn sì tó.

Níbi tí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti já, wọ́n máa ń wá ẹ̀rọ láti fi dí i. Ní Amẹ́ríkà, Andrew Dibner, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní Boston, dá ilé iṣẹ́ Lifeline sílẹ̀ ní 1974. Bọ́tìnì ni, arúgbó á fi sọ́rùn. Bó bá ṣubú tí kò lè dìde, á tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tẹlifóònù á pe àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́. Ọgbọ́n gidi ni. Ó gba ẹ̀mí là, ó sì ń gbà á títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé agbo ilé Ìsàlẹ̀ Èkó rí á mọ ohun tí wọ́n ń san owó oṣù fún: etí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, òun sì ni ẹ̀rọ tí àwọn àgbà Èkó gbà mọ́ra jù láti ìgbà Asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn kò dúró kí ẹnikẹ́ni ṣe é fún wọn. Fíláṣì ni wọ́n fi sọ ọ́ di tiwọn: ìyá á pe ọmọ, á gé e kó tó gbé e, kò náwó, ọmọ á sì mọ̀ pé kí òun pè padà. Àwọn mìíràn ní àdéhùn, fíláṣì kan ni pé mo ti jí, méjì ni pé kí o pè mí kíákíá. Lẹ́yìn náà ni àwọn ilé iṣẹ́ bíi GeroCare dé, tí wọ́n ń rán dókítà lọ bá arúgbó nínú ilé rẹ̀, tí ọmọ sì lè máa sanwó láti ibikíbi tó bá wà. Oní POS tó jókòó sábẹ́ agbòjò ní ẹnu ọ̀nà náà ti gba apá kan iṣẹ́ alájọ. Owó tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti Houston ní òwúrọ̀ lè di owó ọwọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ilé fúnra rẹ̀ ló kù tó ń yí padà jù, láìsí katakata ìjọba rárá ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ìdílé tí kò lówó láti tún agbo ilé kọ́ á bá oníṣòwò kan ṣe àdéhùn: ó ń gbé owó ìkọ́lé sílẹ̀, ó ń kọ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì onípele mẹ́rin tàbí márùn-ún, ó ń gba owó ilé fún iye ọdún kan, ìdílé sì ń gba ìwọ̀n yàrá tí wọ́n fẹnu kò lé. Díẹ̀ nínú irú ilé gíga bẹ́ẹ̀ lágbára, díẹ̀ kò lágbára. Èyí tó wó ní Ìta Fàájì ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé ìwé ló wà nínú rẹ̀, àwọn ọmọdé sì kú. Ṣùgbọ́n èyí tó dúró dáadáa pàápàá ní ìṣòro tirẹ̀ fún àgbà. Ìpele ìsàlẹ̀ ló ń pa owó jù ní Ìdúmọ̀tà àti ní Balógun, nítorí náà ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń fi ṣe. Yàrá tó kan ìdílé á wà lókè, lẹ́yìn àtẹ̀gùn tóóró tí kò ní ohun tí ọwọ́ lè dì mú, tí àwọn alábàárù ń gbé ẹrù aṣọ gòkè sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀ láti àárọ̀ dé alẹ́. Bí iná bá lọ, tí ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè kò ṣiṣẹ́, omi náà di ohun tí ènìyàn máa sọ̀kalẹ̀ wá pọn.

Àdéhùn báyìí ni wọ́n ń bá agbẹjọ́rò kọ, olórí ẹbí ló sì ń fọwọ́ sí i, ẹni tí ọ̀pọ̀ ìgbà jẹ́ àgbà jù nínú ilé. Ó lè béèrè, kí ó tó fọwọ́ sí i, pé kí yàrá kan wà nísàlẹ̀, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí pópó, kí pèpéle wà níwájú rẹ̀, kí ẹ̀rọ omi sì wà níbi tí ọwọ́ ti lè tó o. Oníṣòwò á ní ṣọ́ọ̀bù kan ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ òun, òótọ́ ni. Iye tí ṣọ́ọ̀bù yẹn ń pa lọ́dún kò ṣòroó ṣírò. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ tó wà nílé àti lẹ́yìn odi kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí wọ́n sì kọ iye tí wọ́n ń ná lórí ẹni tó ń tọ́jú màmá, lórí dókítà, lórí ọkọ̀ àti lórí fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.